Ọkọ̀ Agbẹ̀mílà Ẹ̀bá Títì Gbaji

Bí ẹ bá ń ti Àgbádárìgì lọ sí Ṣẹ̀mẹ̀, tí ẹ bá dé Gbaji, ẹ wo ọwọ́ òsì yín. Ẹ ó rí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun àti pupa kùn, tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ onírin níwájú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ ti ń já bọ́. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀ báyìí. Nígbà míì adìyẹ á yé sí ibi tó yẹ kí awakọ̀ jókòó. Àwọn èrò inú mọ́tò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á ní ta ló fẹ́ wa ọkọ̀ omi lórí ọ̀dàn. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ọkọ̀ náà láti ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, mo sì mọ ẹni tó bá a lọ.

Deborah ni orúkọ mi. Ọmọ Àwórì ni mí, inú ìlú Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí, ìfẹ́ ló gbé mi sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ẹja ni mò ń yan tà. Sewanu ọkọ mi jẹ́ apẹja òkun, ọkùnrin tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé bí ó bá bínú, àwọ̀n ló máa gbé jókòó tí yóò máa tún un ṣe títí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi, bàbá mi ló sọ ọ́ ní Akíndé. Akíndé ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òkun mú bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe agbami ló mú un. Agbami kì í sábà pa ará Gberefu, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Etí òkun ló ń pa wọ́n, ibi tí ìgbì ti ń fọ́, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó jáde, tó sì gbọ́dọ̀ gbà padà kó tó gúnlẹ̀. Bí àkókò òjò bá dé, ìgbì á ga, á dojú ọkọ̀ délẹ̀, igi ọkọ̀ á gbá èèyàn lórí, omi á sì fa onítọ̀hún padà sínú. Àwa tó wà lórí yanrìn á máa wò ó, bẹ́ẹ̀ a lè rí ojú ẹni náà kedere. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó lágbára bá wà nítòsí, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n wà, wọn á kó wọn jáde kí omi tó mu wọ́n yó. Sewanu ì bá má kú. Mo ti sọ èyí títí ó ti sú àwọn tó ń gbọ́ ọ, kò tíì sú èmi.

Gberefu wá ní èèwọ̀ kan. Ẹni tí òkun bá mú, a kì í dárúkọ rẹ̀ létí òkun, a kì í sì í sọ ọ́ létí òkun pé òkun pa á. Wọ́n ní bí òkun bá gbọ́ orúkọ ẹni tó ti jẹ, adùn rẹ̀ á padà sí i lẹ́nu, á tún béèrè òmíràn. Àwọn obìnrin á ké láìdárúkọ ẹnì kankan, àwọn àgbà á ṣe ètùtù wọn, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, àmọ́ ilé ọkọ ni, mo pa á mọ́. Bí mo bá fẹ́ pe Sewanu, ń ṣe ni mo máa ń wọkọ̀ lọ sí ọjà Agbalata, kí n lọ pè é níwájú Suwebat ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ìrẹsì. Obìnrin Mùsùlùmí ni Suwebat, omi tó fi ń ṣe àlùwàlá nìkan ló mọ̀ lómi. Á ní kí n jókòó sẹ́yìn àpò ìrẹsì, kí n sunkún mi bó ṣe wù mí, pé òkun kì í wá sọ́jà.

Ìgbà tí owó epo kún ilẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ìgbà náà. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò sójú òkun débi pé ojú kò lè tó ìparí wọn. Wọ́n ń la títì márosẹ̀ lọ sí Ṣẹ̀mẹ̀, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lánàá ń ra mọ́tò lónìí. Ìjọba sì ní gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ní ètò: ètò fún ọ̀nà, ètò fún oúnjẹ, ètò fún ilé. Ó kan òkun náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá Ẹ̀ṣọ́ Etíkun sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí yóò máa lé àwọn onífàyàwọ́, tí yóò sì máa yọ àwọn tó bá kó sínú ewu lójú omi. Ìgbìmọ̀ kan yóò rin etíkun káàkiri kí wọ́n tó ṣètò ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà kan ṣoṣo ló kan apá ọ̀dọ̀ tiwa, ibi tí òkun bá ti ń pa èèyàn jù ni wọn yóò gbé e sí.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọkàn mi kò lè jókòó. Akíndé ti di ọ̀dọ́kùnrin nígbà yẹn, ó sì ti sọ fún mi pé òkun ni òun ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìgboro. Ó ní ṣé bàbá òun kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Mo mọ̀ pé n kò lè dá a dúró, ọmọ tí a bí sórí yanrìn kò níbòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba gbogbo: kí ọkọ̀ yẹn ti wà ní èbúté Gberefu kí ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ìgbì jáde.

Daà Zinsu ni olórí àwọn apẹja wa. Daà ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin lédè Ẹ̀gùn. Èèyàn rere ni, n kò ní torí ìbínú purọ́ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Sewanu ti lọ, kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ tí kò ní ẹja tèmi nínú. Òkun ti mú ọmọkùnrin òun náà, àkọ́bí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìgbìmọ̀ náà dé láti Èkó. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé ni alága wọn, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ńláńlá rí, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pè wọ́n ní yovó, bí wọ́n ṣe ń pe òyìnbó àti gbogbo ẹni tó bá múra bí òyìnbó. Wọn kò mú ògbufọ̀ dání. Àwọn ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba ní ìgboro ti sọ fún wọn pé obìnrin kan wà ní Gberefu tó kàwé jáde ní ilé ìwé Módà, tó gbọ́ Ẹ̀gùn, tó gbọ́ Yorùbá, tó sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì gbèjà ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi mí sáàárín nìyẹn.

Mo bẹ alága kí wọ́n tẹ́ àga sí apá ọ̀dọ̀ ọ̀sà, nínú ọgbà ilé ìwé, níbi tí òkun kò ti lè gbọ́ wa. N kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́ fún un, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní báwo lèèyàn ṣe máa kẹ̀yìn sí òkun kó máa jíròrò òkun, pé òun fẹ́ máa rí ohun tí àwọn ń sọ. Wọ́n sì gbé àga wọn lọ sórí yanrìn gan-an, níbi tí ìfófòó omi ti ń kan àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn nínú wọn. Ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó ní ká gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ.

Wọ́n béèrè nípa ẹja, nípa èpò ojú ọ̀sà, nípa àwọn àjèjì tó ń gba ibẹ̀ kọjá láti ilẹ̀ elédè Faransé tó múlé gbè wá. Mò ń tú u lọ, mò ń tú u bọ̀. Nígbà tó yá, alága fi ọwọ́ nu ojú gíláàsì rẹ̀, ó ní kí n bi Bàbá pé èèyàn tí òkun ti pa ní èbúté yìí á tó mélòó. Mo bi í ní Ẹ̀gùn. Ìgbì kan fọ́ sẹ́yìn wa. Daà Zinsu wo omi, kò wò mí. Ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ẹ fi ara yín sí ipò mi. Ògbufọ̀ kì í yan ọ̀rọ̀. Mo la ẹnu mi, mo sì fi ahọ́n ara mi sọ fún ìjọba pé, "Ó ní òkun kò pa ẹnikẹ́ni rí níbí. Ó ní òkun ń ṣe dáadáa sí wọn."

Alága ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ máa bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà tí nǹkan kan yí nínú mi. Mo rí Akíndé láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn, ó gbé àjẹ̀ lé èjìká.

Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tí Daà sọ ni mo tú fún yín yẹn. Tèmi nìyí. Sewanu ọkọ mi kú sínú ìgbì tí ẹ ń wò yìí, lójú mi."

N kò dúró síbẹ̀. Mo dárúkọ àwọn tí mo mọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí omi ti mú wọn. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Àwọn ọkùnrin ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Daà Zinsu dìde, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì rìn lọ sílé. Alága wá bi mí pé ta gan-an ni olórí níbí, ṣé Bàbá ni àbí èmi. Mo ní Bàbá ni. Ó ní ó dáa, ó ṣeun, Mádàámù. Mo wo ọwọ́ akọ̀wé, bírò rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Mo rò pé yóò kọ ọ́ nígbà tó bá délé.

Àwọn àgbà Gberefu pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Mo ra ewúrẹ́, mo ra ọtí, wọ́n ṣe ètùtù. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ tẹ yanrìn òkun mọ́ títí wọn yóò fi sọ pé ó tó. Obìnrin tó ń yan ẹja, tí kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹja ti ń gúnlẹ̀, ẹ ṣírò ìyẹn wò. Daà Zinsu fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ìdí ààrò. Ohùn rẹ̀ kò le.

Ó ní, "Ìyàwó wa, mi ò sọ pé irọ́ lo pa. Òkun gbọ́ ni mo sọ."

Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí àwọn ará Èkó lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun tó jẹ́ àgbà ló sì kọ́kọ́ yẹ kó mọ èyí. Àmọ́ mo gbé ìyà náà. Suwebat ló ń bá mi ra ẹja lọ́wọ́ kejì ní Agbalata, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, mo ń yan án bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Akíndé wọ ẹgbẹ́ atukọ̀ Daà Zinsu. Bí wọ́n bá ń jáde, mo máa ń dúró sí ìdí igi àgbọn tó kẹ́yìn, níbi tí yanrìn òkun ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fetí sílẹ̀ títí n kò fi ní gbọ́ ohùn wọn mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé kò burú, ọkọ̀ ń bọ̀. Gbogbo ohun tí mo jìyà rẹ̀ ti wà nínú ètò.

Ètò náà pẹ́. Àwọn ológun lọ, alágbádá dé. Owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti tán lójú òkun. Ọjọ́ kan la gbọ́ pé ọkọ̀ agbẹ̀mílà ti dé, pé wọn yóò ṣí ibùdó Ẹ̀ṣọ́ Etíkun, kí Daà Zinsu àti àwọn àgbà wa wá, kí n bá wọn wá láti tú ọ̀rọ̀. Mo béèrè pé níbo ni ibùdó náà wà. Wọ́n ní Gbaji. Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Gbaji, lẹ́bàá títì. Omi wà lẹ́yìn ìlú náà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe omi tó ń dojú ọkọ̀ dé.

Ọkọ̀ náà rẹwà, n kò ní parọ́. Ẹ́ńjìnnì méjì ló wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n so ríbọ́nì mọ́ ọn, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ onírin níwájú ilé tuntun, bíríkì ilé náà ṣì ń rùn. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọrin. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé ti hewú díẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà Ẹ̀ṣọ́ Etíkun. Ó dìde sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ó wá ní òun fẹ́ ṣàlàyé bí ètò tó dára ṣe ń rí.

Ó ní, "Gbogbo etíkun yìí la rìn. A ò gbé nǹkan síbi tí a ò ti fẹ́ ẹ. Ní Gberefu, àwọn àgbà fi ẹnu ara wọn sọ fún wa pé òkun kò pa ẹnikẹ́ni rí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ọkọ̀ yìí wá síbi tí títì dé, tí iná mànàmáná dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ wa lè kó ìyàwó àtọmọ wọn wá gbé."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo tú gbogbo rẹ̀ fún Daà Zinsu, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tó padà wá bá a. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.

Ó bi mí pé, "Ọ̀rọ̀ tìrẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Wọn ò kọ ọ́, Daà."

Ó yíjú sí títì. Ó bi mí pé ǹjẹ́ òkun lè gbọ́ wa níbi tí a wà yìí. Mo fetí sílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kọjá lọ sí ẹnubodè, ọ̀kan kò tíì lọ tán tí òmíràn á fi dé. Mo ní kò lè gbọ́. Ó bá dìde. Ó ṣí fìlà, ó dúró sínú oòrùn níwájú gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òkú wa. Setonji ló kọ́kọ́ pè, àkọ́bí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó pe Sewanu. Ó pe àwọn tí èmi kò bá láyé, àwọn tí bàbá rẹ̀ bá pẹja, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ ń lọ bákan náà títí ó fi parí, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àdúrà ìbílẹ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé tẹ ara rẹ̀ wálẹ̀ sí mi, ó ní kí n tú u. Mo tú u. Mo sọ fún un pé àwọn tí òkun pa ní Gberefu ni Bàbá ń pè, pé ibi tí wọ́n gbé àga sí lọ́jọ́sí ni kò jẹ́ kó pè wọ́n nígbà náà, pé mo sì kìlọ̀ fún wọn. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó ní ó ṣeni láàánú. Ó ní àmọ́ ètò yìí ti parí, wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Èkó, kò ṣeé yí. Ètò ọlọ́dún márùn-ún mìíràn ń bọ̀, kí a rántí sọ ọ́ nígbà náà. Ó wá gé ríbọ́nì.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa sọdá ọ̀sà padà, Daà Zinsu ní kí n máa bọ̀ létí òkun, pé ìyà náà ti tó. N kò dúpẹ́. Mo sọ fún un, níwájú àwọn àgbà yòókù, pé ìgbà tí àga wà lórí yanrìn ló yẹ kó ti la ẹnu tó là ní Gbaji. Ẹnì kan ní kí n má sọ̀rọ̀ sí àgbà bẹ́ẹ̀. Daà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Àkókò òjò tó tẹ̀ lé e, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìgbì ga, ọkọ̀ tí Akíndé wà nínú rẹ̀ ń bọ̀ wálé. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àmọ́ wọ́n ti sùn sójú omi, ẹja wọn ti fẹ́ bàjẹ́, ebi ilé kò sì mọ ìgbì. Èmi àti àwọn obìnrin wà lórí yanrìn pẹ̀lú agbọ̀n wa. Daà Zinsu kò lọ sókun mọ́ nígbà yẹn, ara rẹ̀ kò gbé e, yanrìn ló máa ń jókòó sí tí yóò máa wo àwọn tó ń dé. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà dáadáa. Ìkejì yí i. Ìkẹta dojú rẹ̀ dé.

Wọ́n ń yọrí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Akíndé kò bá wọn bọ̀. Mo rí orí rẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ tó dojú dé, mo rí i tí ó ń wọlẹ̀, tí ó ń jáde. Àwọ̀n ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti sáré lọ wọ ọkọ̀ tó ń sọdá ọ̀sà láti lọ pe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì ní Gbaji. Mo ké, mi ò mọ ohun tí mo ké. Daà Zinsu ti ń so okùn mọ́ ìbàdí. Ó fi orí okùn kejì lé àwa obìnrin lọ́wọ́, ó ti ọ̀bẹ sẹ́nu, ó sì wọ inú omi. Àgbà tí kò lè gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja mọ́ ni o. Ìgbì ń gbé e, ó ń dìde. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. A rí i tó wọlẹ̀, tó pẹ́ nísàlẹ̀, tó jáde. Ó tú okùn náà kúrò lára rẹ̀, ó so ó mọ́ Akíndé, ó sì gbọ́wọ́ sókè sí wa pé ká máa fà.

A fà á. Bí a ṣe ń fa ọmọ mi bọ̀ ni ìgbì mìíràn gbé ọkọ̀ sókè tó sì jù ú lé Daà Zinsu lórí. A kò rí i mọ́.

Akíndé pọ omi, ó sì mí. Mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Nígbà tí oòrùn ti rekọjá àtàrí ni ọ̀dọ́kùnrin tó lọ sí Gbaji padà dé, nìkan. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un lómi mu. Wọ́n ní mọ́tò tó ń fa kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ náà ti lọ sí Èkó, ó gbé ìyàwó ọ̀gá wọn lọ sọ́jà. Wọ́n ní bí ó bá tiẹ̀ wà nílé náà, Gberefu kò sí lára ibi tí wọ́n ní kí àwọn máa sáré lọ. Wọ́n bá wa kẹ́dùn.

Àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe tí kò lórúkọ nínú. Àwọn àgbà ti ń yẹra láti lọ ṣètò ètùtù. Mo gbé orí Akíndé lé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, mo dìde. Inú ń bí mi sí Èkó, sí Gbaji, sí òkun, sí ọkùnrin tó fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lé ọkọ̀ lọ tó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ rọ́pò ọkọ̀ náà fún ọmọ mi. Mo rìn títí omi fi kan orúnkún mi.

Mo ní, "Zinsu. Daà Zinsu lo pa lónìí, ìwọ òkun. Mo ti sọ ọ́. Gbọ́ ọ dáadáa."

Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́kun. Mo tún pè é. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi, ó pe ọmọ rẹ̀. Òmíràn pe ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan pe àbúrò tó ti sọnù kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo yanrìn ń pe orúkọ, òkun sì ń hó bó ṣe máa ń hó, kò hó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni ra ewúrẹ́ torí orúkọ mọ́ ní Gberefu.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àwọn ológun ti padà sórí oyè, owó ti sá lọ́wọ́ gbogbo ayé, ewúrẹ́ ti wọ inú ọkọ̀ Gbaji. Wọ́n tún ní ètò tuntun wà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kó wọn wá lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ìkíni, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Wọ́n sì gbé àga wọn lọ sórí yanrìn, ní ojú ibi tí àwọn ti ìgbà yẹn gbé tiwọn sí. N kò sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e kúrò.

Ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Ṣé òkun ti pa èèyàn níbí rí. Mákánjú, olórí àwọn apẹja wa tuntun, kò wo omi. Èmi ló wò, ó ní kí ìyàwó wa dáhùn.

Mo ní, "Ó ti pa wọ́n. Kọ Zinsu sílẹ̀ ṣáájú."

Ọ̀dọ́kùnrin náà tẹ orí ba, ó fẹ́ máa kọ. Mo ní kó dúró. Mo ní bírò ti tàn wá jẹ rí, kó kọ́kọ́ pe orúkọ náà sókè, kó kọjú sí òkun, kó pè é kí n gbọ́.

Ó wo òkun, ó wò mí, ó sì pè é. Mo ní kó tún un pè.